Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Wọ Ìlú Abẹ́ Omi

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì wa ní Ifákọ̀ ni pé kí n máa forí gbá ògiri. Kì í ṣe orí tèmi o. Orí ọmọbìnrin kan báyìí ni, Kẹ́hìndé ọmọ atukọ̀, tó wà nínú géèmù tí ilé iṣẹ́ wa ń ṣe nígbà náà. Ọ̀gá Wálé, tó kọ ìtàn inú géèmù náà, fi mí jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó fi páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbogbo ògiri tí o bá rí nínú ìlú yìí, kọ lù ú. Ilé, ọgbà, igi, àpáta, má fi ìkankan sílẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ kí o gba àárín rẹ̀ kọjá, wá sọ fún mi."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Èmi tí mo jí ní kùtùkùtù, tí mo lọ aṣọ, tí mo wọ bàtà tí mo rà nítorí iṣẹ́ tuntun, tí mo sì wọ kẹ̀kẹ́ láti Kétu wá, ògiri ni mo wá gbá? Ṣùgbọ́n kò tíì di ọ̀sán tí mo fi rí ògiri kan lẹ́yìn ilé alágbẹ̀dẹ tí Kẹ́hìndé gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba inú èéfín. Ó bọ́ sí ibi tí kò sí ilẹ̀. Ó ń já bọ́, ó ń já bọ́, kò dé ìsàlẹ̀. Mo figbe ta. Ọ̀gá Wálé sáré wá, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sì nawọ́ kí n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Bùkọ́lá," ó ní, "o ti mọ iṣẹ́ yìí."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń dán géèmù wò nìyẹn. Télọ̀ a máa ní kí oníbàárà wọ aṣọ wò kó tó gbé e lọ ilé. Géèmù náà rí bẹ́ẹ̀. Kó tó dé ọwọ́ aráyé, ẹnìkan ní láti lò ó nílòkulò, kó lè mọ ibi tí yóò ti ya. Àbùkù tí a bá rí là ń pè ní bọ́ọ̀gì. Mo ti rí ewúrẹ́ tó dúró sórí òrùlé tí ń jẹ koríko tí kò sí níbẹ̀. Mo ti rí ọba tó gbàgbé láti wọ ṣòkòtò nítorí pé ẹni tó yà á ti lọ jẹun. Bí mo bá rí irú wọn, ọ̀gá mi a rẹ́rìn-ín, a tún un ṣe, a ní kí n tún máa wá a lọ. Ọmọ Agboyi ni, ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀ lọ sílé ìwé nígbà tó wà ní kékeré, ibẹ̀ náà ló sì ti mú odò tó wà nínú géèmù wá.

Orúkọ géèmù yẹn ni Ìlú Abẹ́ Omi. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń dán an wò, ṣùgbọ́n orí fóònù ni àwọn èèyàn ti ń gbá a. Táyé, àbúrò Kẹ́hìndé, bọ́ sódò, àwọn ará abẹ́ omi sì mú un lọ. Kẹ́hìndé gbé àjẹ̀ bàbá wọn, ó ní òun ń lọ wá a. Ìwọ tí o gbé fóònù dání ni Kẹ́hìndé. Ìwọ lò ń wa ọkọ̀, ìwọ lò ń bá ẹja tó ń sọ̀rọ̀ jà, ìwọ lò ń bi aráàlú léèrè ọ̀nà, bí o sì ti ń rìn ni agbára rẹ ń pọ̀ sí i. Àwòrán rẹ̀ pẹlẹbẹ, bí ìgbà tí èèyàn bá wà lórí igi tó ń wo ìsàlẹ̀. Ìjà rẹ̀ dà bí ayò: ìwọ á ta tìrẹ, ọ̀tá á ta tirẹ̀. Kò sí ohùn èèyàn kankan nínú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ojú fóònù, nínú ìwé kíkọ tó kéré bí irúgbìn ẹ̀fọ́. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ń gbé ìlú náà ló ní orúkọ, wọ́n ní ìdààmú tiwọn, bí o bá sì padà wá lọ́la, wọn á rántí ohun tí o sọ lánàá.

Nígbà tí géèmù náà jáde, èmi náà ni mo ń gbé fóònù ọ́fíìsì. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ní Kétu pè wá. Ohùn rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Baba ẹnu ibodè inú géèmù yín yìí ò jẹ́ kí n kọjá láti àná."

"Ẹ bi í nípa ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ta?"

"Ẹsẹ̀ baba náà. Ó ń dùn ún."

Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ fóònù kejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójijì ló pariwo, "Ó ti ṣí i! Aunty, Ọlọ́run á bù kún yín. Èmi tí mo ti ń bá a jà láti àná!"

Géèmù kékeré yẹn ló fún wa lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí Mádàámù Yéwándé, tó ni ilé iṣẹ́ wa, fi ní ká ṣe èkejì, ká sì ṣe é ní ńlá. Ó kó gbogbo ohun tó ní sínú rẹ̀. Ó gba àwọn ayàwòrán sí i, ó gba olórin, ó gba àwọn òṣèré tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ àwọn ará inú géèmù náà jáde. Ọdún bíi mélòó kan la fi ṣe é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbá a, ẹnu mi ò lè padé. Èèyàn kì í wo ìlú láti orí igi mọ́. Inú ìlú gan-an lo dúró sí. Omi ń dán, irun Kẹ́hìndé ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìjà sì di ti kíá-kíá, àfi kí ìka ọwọ́ rẹ yá. Nínú ìtàn rẹ̀, odò ń gbẹ, àwọn ará abẹ́ omi ń bọ̀ lórí ilẹ̀, àwọn ará orí ilẹ̀ kò sì fẹ́ gbà wọ́n. Ọ̀gá Wálé ló kọ èyí náà. Ó gbóná lọ́kàn rẹ̀ débi pé ó máa ń dá sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń rìn lọ sí ibùdókọ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ ká gbé e jáde, Mádàámù pe gbogbo wa jọ. "Bùkọ́lá, kò sẹ́ni tó mọ méjèèjì tó ẹ. Fi ojú oníbàárà wò ó fún mi. Èwo ló dára jù?"

Mo mọ ohun tó wà nídìí ìbéèrè yẹn. Bí àwọn èèyàn kò bá ra géèmù kejì, kálukú wa ló ń lọ ilé. Síbẹ̀, ohun tó wà nínú mi ni mo sọ. "Ti àkọ́kọ́ ni, mà."

Ọ̀gá Wálé yí àga rẹ̀ padà sí mi. "Kí ló dé?"

"Ọ̀gá mi, èkejì rẹwà. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ ìlú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo wá. Wọ́n kàn dúró bí àwọn ère tí wọ́n fi ń pàtẹ aṣọ."

"Nígbà tí o gbá ti àkọ́kọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ga rárá, "o ṣẹ̀ṣẹ̀ débí ni. Ohun gbogbo ló dùn lójú ẹ. Ìgbà yẹn lo fẹ́ràn, kì í ṣe géèmù."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, nítorí mi ò lè búra pé irọ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, èmi àti ọ̀gá mi la jọ ń jẹ ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ ọ́fíìsì lọ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń jẹ tirẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, èmi náà ń jẹ tèmi lórí àtẹ̀gùn.

Mádàámù ló wá ọ̀nà sí i. "Mi ò mọ ẹni tó jàre nínú ẹ̀yin méjèèjì," ó wí. "Ní Sátidé, kí kálukú yín mú ẹnìkan wá tí kò gbá géèmù rí láyé ẹ̀. A ó gbé méjèèjì síwájú wọn. A ó panu mọ́, a ó sì máa wò."

Ìyá mi ni mo mú lọ. Télọ̀ ni Mummy ní Kétu títí ojú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tí wọ́n wá jókòó sílé. Wọn ò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí àwọn èèyàn bá bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, "Bùkọ́lá ńkọ́, kí ló ń ṣe báyìí?" wọn á ní, "Kọ̀ǹpútà ni," wọn á sì yára béèrè àlàáfíà ọmọ ẹni náà. Nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi lọ ibi iṣẹ́, wọ́n wé gèlè bí ẹni ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Bíríkìlà kan tó ń gbé ládùúgbò Ọ̀gá Wálé ni òun mú wá, Uncle Ráṣíìdì, ọmọ Ìsẹ́yìn. Òun ló kọ́kọ́ gbá a. Nígbà tó dé ibi ìjà nínú ti àkọ́kọ́, ó wojú wa. "Ṣé n ó dúró kí ẹja yìí lù mí tán kí n tó lù ú padà ni? Irú ìjà wo nìyẹn?" Nígbà tó dé inú èkejì, ó dìde dúró, ó ń yí ejìká bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n ń fi ìrù ẹja lù. A ní láti gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Wálé kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí eyín rẹ̀.

Ó wá kan Mummy. A gbé ti àkọ́kọ́ fún wọn. Wọ́n sún fóònù mọ́ ojú, wọ́n sún un sẹ́yìn, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

"Èèrà ni mò ń rí o," ni wọ́n wí.

"Mummy, ẹ jẹ́ kí n kà á fún—"

"Bùkọ́lá," ni Mádàámù wí, "a ní a ó panu mọ́."

Mummy tẹ ibí, wọ́n tẹ ọ̀hún, Kẹ́hìndé ń kọ lu ọkọ̀ bàbá rẹ̀ títí. Nígbà tó yá, wọ́n rọra gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n fi ọwọ́ tún gèlè wọn ṣe. Géèmù tí mo dúró níwájú gbogbo èèyàn tí mo ní ó dára jù, ìyá tó bí mi kò lè wọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

A tan èkejì fún wọn. Omi hàn, ọkọ̀ hàn, ìyá àgbà kan sì sọ̀rọ̀ jáde nínú kọ̀ǹpútà: "Kẹ́hìndé, ṣé o jí ire?"

"A dúpẹ́, mà," ni Mummy dáhùn.

Uncle Ráṣíìdì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Mummy kò tiẹ̀ wò ó. Wọ́n ti mọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń rìn àti èyí tí wọ́n fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Wọ́n kó sódò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kígbe pé "Ẹ yọ mí o!", wọ́n sì jáde fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìlú, wọn ò yára bíi tiwa. Ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń kí. Àwọn kan sọ gbólóhùn kan. Àwọn púpọ̀ kò sọ nǹkan kan.

"Apẹja yìí ò dá mi lóhùn. Ṣé adití ni?"

Mo wo ilẹ̀. Mi ò fẹ́ kí Ọ̀gá Wálé rò pé mò ń yọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ilé kan lẹ́bàá odò. Àpótí kan wà nínú ilé náà, fìtílà tí Kẹ́hìndé máa gbé lọ sísàlẹ̀ omi wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa ní ọ́fíìsì ti ṣí àpótí yẹn débi pé a lè fojú dídì ṣí i. Mummy dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá Wálé ò lè mú un mọ́ra. "Mummy, ẹ wọlé. Ẹ ṣí àpótí yẹn."

"Ilé ta nìyí?"

"Ilé ìyá kan ni, mà. Kò sí nílé."

"Kò sí nílé, ẹ wá ní kí n wọlé lọ ṣí àpótí rẹ̀?"

Mádàámù náà dá sí i. "Mummy, ẹ ò lè lọ síwájú láìmú fìtílà inú rẹ̀."

"Mi ò ní mo kọ̀. Ẹ jẹ́ kí onílé dé. N ó sọ fún un pé mo nílò rẹ̀ láti fi wá àbúrò mi, yóò sì fún mi." Wọ́n yí Kẹ́hìndé padà, wọ́n mú un dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí páàdì.

A dúró. Omi ń ṣàn. Ẹyẹ kan ń fò kọjá, òun kan náà ló tún ń padà wá.

"Níbo tiẹ̀ ni ìyá náà lọ?" ni Mummy béèrè.

Gbogbo wa kọjú sí Ọ̀gá Wálé, nítorí òun ló kọ ìtàn náà. "Mummy," ó ní, "mi ò mọ̀. Mi ò kọ ibi tó lọ."

Mo rò pé inú máa bí i. Ṣùgbọ́n ó fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì rẹ́rìn-ín irú èyí tó rín lọ́jọ́ tí mo rí ògiri alágbẹ̀dẹ. "Tó bá dé, mà, báwo lẹ ṣe máa sọ fún un?" Mummy bẹ̀rẹ̀ sí í sọ: bí èèyàn ṣe ń kí onílé, bí wọ́n ṣe ń béèrè iṣẹ́ àti ọmọ kí wọ́n tó béèrè nǹkan, irú ìyá tó lè gbé lẹ́bàá odò lóun nìkan, ìdí tí kò fi ní bínú. Ọ̀gá Wálé ń béèrè, wọ́n ń dáhùn. Kò sẹ́ni tó tún rántí géèmù.

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Wálé gbé abọ́ ẹ̀wà méjì wá sídìí tábìlì mi.

"O jàre nípa àwọn ará ìlú yẹn," ó ní. "Mo kọ́ ilé púpọ̀, mi ò fi èèyàn sínú wọn."

"Ẹ̀yin náà jàre, sà. Mummy ò lè wọ ti àkọ́kọ́ rárá. Mi ò mọ̀ pé mo ti fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ."

"Jẹun, kò gbọdọ̀ tutù."

Mádàámù sún ọjọ́ tí a fẹ́ gbé èkejì jáde síwájú. Ara gbogbo wa ò balẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Wálé ń kọ ọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò ní ọ̀rọ̀, èmi ń kí wọn níkọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá wọ́n ń dáhùn. Nígbà tó kan onílé ẹ̀bá odò, òṣèré mẹ́ta gbìyànjú ohùn rẹ̀, kò jọ ọ́. Ọ̀gá Wálé ní òun mọ ẹni tó lè ṣe é.

Mummy wọ yàrá kékeré tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n wo ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí ẹni wo àlejò tí kò ṣí fìlà. A ò fún wọn ní ìwé; a kàn sọ fún wọn pé ọmọ kan ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ni wọ́n wí, ohùn Ìjẹ̀bú ìlú wọn sì dún nínú rẹ̀ kedere. "Má dúró sínú oòrùn. Ṣùgbọ́n bàtà rẹ dọ̀tí, bọ́ ọ síta o." Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n sọ ti bàtà. Ẹni tó ń gba ohùn fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa wọ inú ohùn náà. Àwọn ayàwòrán fi odindi ọjọ́ kan ṣe bí Kẹ́hìndé á ṣe máa bọ́ bàtà.

Géèmù náà jáde, àwọn èèyàn sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ilé iṣẹ́ wa ṣì dúró. Àwọn tó ń gbá a ṣì ń jiyàn nípa èwo ló dùn jù, wọ́n sì máa ń bi mí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjà èkejì dára jù, kò sí àríyànjiyàn. Ìrìn inú ti àkọ́kọ́ dùn jù, nítorí ayé rẹ̀ kéré, èèyàn tètè ń mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìtàn èkejì gbòòrò, ó máa ń sọnù mọ́ èèyàn lọ́wọ́ láàárín. Ti àkọ́kọ́ ń lọ tààrà bí ọkọ̀ tí omi ń gbé. Àwọn ọmọ tuntun tí mo ń kọ́ níṣẹ́ báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n gbá a lọ́nà méjì: lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí nǹkan ń lé, lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó wá kí ará.

Mummy gbá èkejì tán. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn gan-an ló ń dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ báyìí: "Ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn mi?" Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n gbé fóònù mi wá bá mi.

"Bùkọ́lá, Táyé yìí, báwo ló ṣe sọnù gan-an? Wọn ò sọ ọ́ dáadáa nínú èyí tí mo gbá."

"Inú ti àkọ́kọ́ ló wà, Mummy."

"Ṣí i. Kà á fún mi. Èmi ni n ó máa tẹ̀ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi a máa kà, àwọn a máa tẹ̀. Wọ́n ń bá ẹja jà pẹ̀lú sùúrù: wọ́n á lù ú, wọ́n á gbé ọwọ́ lé itan títí yóò fi lù wọ́n padà, wọn ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, a dé ìsàlẹ̀ omi. Kẹ́hìndé rí Táyé nínú ààfin. Mo ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ jáde: Táyé ní òun kò mọ̀ bóyá òun fẹ́ padà sílé. Lẹ́yìn náà ni géèmù béèrè ohun tí Kẹ́hìndé máa ṣe. Ó lè fà á lọ́wọ́ pẹ̀lú agbára. Ó lè bẹ̀ ẹ́. Ó lè yí padà kó máa lọ.

"Èwo lẹ yàn, Mummy?"

Wọn ò tẹ nǹkan kan. Wọ́n ń wo àwòrán ọmọ pẹlẹbẹ yẹn. "Ọmọ tó ti wà lábẹ́ omi láti ọjọ́ yìí wá. Ṣé kò sí ibi tí mo ti lè kọ́kọ́ fún un ní oúnjẹ?"

"Kò sí, mà."

"Kó jẹun ná. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó máa béèrè ohun tó fẹ́."

A fi fóònù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Táyé ṣì dúró níbẹ̀, láìyan ìkankan. Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé, mi ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí mo fi lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá Wálé. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo rí bọ́ọ̀gì kan nínú ti àkọ́kọ́."